Káàdì Ìjẹ́wọ́ Tíṣà Pirchner

                                        Ilé Fada,
                                        Sankt Kofel,
                                        Àfonífojì Odò Inn,
                                        Tirol.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 1946.

Ottilia, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé? Báwo ni ọkọ rẹ, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Ẹsẹ̀ rẹ ọ̀tún tó máa ń wú nígbà òtútù ńkọ́, ṣé o ṣì ń fi ọ̀rá àgùntàn pa á bí mo ṣe wí? Àwa níbí wà láàyè. Ewúrẹ́ wa bí méjì, yìnyín ti ń yọ́ lórí òkè, iná ìdáná mi kò sì tíì kú. Oúnjẹ ṣì wọ́n, ṣùgbọ́n a ní ọ̀dùnkún, a sì ń dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kọ́ lo fẹ́ gbọ́. Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn o bi mí bóyá a ó kú láìmọ ẹni tó ta Fada Kassian, ẹ̀gbọ́n rẹ, fún àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀. A ò ní í kú láìmọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n. Rochus Pirchner ni, tíṣà ilé ìwé wa, tó ń tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó kọrin níbi Mísà òkú Fada Kassian tí omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé ìdùnnú mímọ́ ni.

O mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí adájọ́ lè fẹ́ kà á. Ìwọ náà rántí bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà Lẹ́ńtì, èmi ni mo ń kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sórí àwọn káàdì kékeré. Ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán á gba káàdì kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde, Fada á gbé apẹ̀rẹ̀, á máa lọ láti ilé dé ilé láti gbà wọ́n padà. Lẹ́nu ọ̀nà, á fi pẹ́ńsùlù búlúù fa àgbélébùú kékeré sí igun káàdì níṣojú onílé, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, onílé á sì fún un lẹ́yin tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ. Káàdì tó bá ti gba àgbélébùú yẹn kì í padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí láyé àwọn bàbá ńlá wa.

Zyprian Tumler ń ṣiṣẹ́ nínú ihò tí àwọn ará Berlin tó ń jọba lé wa lórí nígbà náà gbẹ́ sínú òkè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú fún ogun wọn. Ní Lẹ́ńtì ọdún 1943, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye ẹ̀rọ tó ń jáde nínú ihò yẹn lóṣù. Zyprian fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé Fada dá a dúró.

“Pa ẹnu dé, Zyprian. Ohun tó bá wọ etí mi níbí ti wọ sàréè nìyẹn, mi ò gbọ́dọ̀ lò ó. Fi wàrà kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ, kí o fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ. Níbẹ̀, èèyàn bíi tìẹ ni mí.”

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo ń fi irin tí mo fi ń lọ aṣọ pẹpẹ tẹ ẹ̀yìn káàdì náà, tí wàrà á fi yọ ní àwọ̀ ilẹ̀. Mo dà á kọ sórí aṣọ tín-ín-rín, mo rán an sínú etí aṣọ pẹpẹ, mo sì ju káàdì sínú iná. Sista Gaudentia gbé aṣọ náà kọjá ààlà wá bá ọ ní Chur, ìwọ náà gbé e fún ọkùnrin rẹ yẹn tó ń lo awò ojú, tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá Berlin jagun. Ní oṣù Kẹjọ, bọ́ǹbù bọ́ sẹ́nu ihò náà lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Zyprian ṣe là á sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Fada jẹ ọbẹ̀ bálì abọ́ mẹ́ta.

Ní ọdún 1944, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde, Fada gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó ti gba káàdì ní gbogbo ilé ìsàlẹ̀, láti ilé ìwé títí dé ilé Zyprian, ó sì ń gun afárá bọ̀ sí apá òkè nígbà tí àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ mú un. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà wá sínú ilé ìdáná mi. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ rí nìyí, Ottilia, ojú ló ń tì mí. Wọn ò tú ilé, wọn ò béèrè nǹkan kan. Ọ̀gá wọn kàn ní, “Ìyá, gbé irin rẹ sórí iná.” Irin mi ni wọ́n fi tẹ káàdì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi. Ọkùnrin yẹn kò mọ aṣọ lọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń jó, imú irin mi tó ti kán sì ń fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti Zyprian, lẹ́tà yọ. Wọ́n kó gbogbo káàdì sínú àpótí, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì lọ mú Zyprian. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n bẹ́ òun àti Fada lórí ní Munich.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé ta ló sọ fún wọn nípa irin. Èmi, Fada àti Zyprian nìkan la mọ̀. Àwọn kan ní abúlé ń wò mí ní ìwòkuwò, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí èmi tó ni irin ni wọ́n fi sílẹ̀ láàyè. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ewé wo?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹrin, Pirchner wá sí ilé Fada. Fada tuntun wa, Vinzenz, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e wá, inú rẹ̀ sì mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti lé Pirchner kúrò nílé ìwé nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Berlin tó wọ̀, àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wò ní Innsbruck sì ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ Fada pé Kátólíìkì òtítọ́ ni òun nígbà ogun. Mo gbé kọfí bálì wọlé, mo bá a tó ń fi nǹkan han Fada lórí tábìlì.

“Fada, ẹ wò ó,” ó ní. “Àwọn ará òkè ń gbé káàdì 1944 kọ́ ògiri bí ẹni gba oyè, ṣùgbọ́n òfìfo ni tiwọn, Fada Kassian ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Tèmi rèé. Àgbélébùú ọwọ́ rẹ̀ rèé. Mo wà lára àwọn tó fún un gbẹ̀yìn.”

Ottilia, mo gbé abọ́ kọfí kalẹ̀, mo mú káàdì náà. Àgbélébùú búlúù wà lójú rẹ̀. Mo yí i padà. Àmì imú irin mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti jó di àwọ̀ ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ní ọdún 1943, Pirchner wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá dùùrù, ó bá mi tí mò ń tẹ káàdì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Filomena, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ aráyé lẹ̀ ń lọ̀ kó lè gún?” Mo ní òjò ló pa wọ́n. Mo tún bu ọbẹ̀ fún un, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, ó ń wo ọwọ́ mi. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un, èmi ni mo sì bọ́ ọ. Kí o mọ ìyẹn náà.

Mo dá káàdì náà padà sórí tábìlì. Mo ní, “Tíṣà, ohun iyebíye lẹ ní yìí. Ẹ má jẹ́ kó mọ sínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí Fada kà á síta lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi, kí gbogbo wa fọwọ́ sí ìwé yín. Àwọn ará Innsbruck ò ní lè bá yín jiyàn mọ́.”

Ojú rẹ̀ tàn. “Ìyá Filomena, mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi tó báyìí.”

“Ẹ ò tíì rí nǹkan kan,” ni mo wí.

Mi ò sọ fún Fada Vinzenz, nítorí àánú á mú un kìlọ̀ fún un. Ilé Rosina, opó Zyprian, ni mo kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà mo lọ sí gbogbo ilé ìsàlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: káàdì yín ti ọdún yẹn dà? Gbogbo wọn ló dáhùn pé inú apẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì bí a ti ń ṣe, àwọn ọkùnrin ń tan páìpù wọn. Fada ka ìwé náà, ó gbé káàdì sókè. Pirchner dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù àríyá rẹ̀. Rosina ní kí Fada jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ohun tí Fada Kassian fọwọ́ kàn. Ó gbà á, ó wò ó pẹ́.

“Tíṣà, Fada ti fa àgbélébùú sí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Rosina. Níwájú ilé mi.”

“Ó sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀.”

“Bó ṣe máa ń ṣe náà ni.”

“Inú apẹ̀rẹ̀ yẹn náà ni ti ọkọ mi wà. Ti Bàbá Hias yìí wà níbẹ̀. Ti gbogbo ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó padà. Ta ló dá tìẹ padà fún ọ?”

Ó ní Fada Kassian ló dá a padà fún òun. Bàbá Hias yọ páìpù lẹ́nu. “Nígbà wo? Èmi àti Fada jọ rìn láti ilé rẹ dé ẹsẹ̀ afárá. Kò bojú wẹ̀yìn.”

Mo jáde sí iwájú, mo yí káàdì náà, mo fi irin mi tí mo gbé sábẹ́ ṣáàlì lé àmì náà lórí. Wọ́n bára mu. Mo ní, “Tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irin yìí kan káàdì ọdún yẹn, níwájú àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ wà lábẹ́ tábìlì mi ni?”

Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Wọ́n fipá mú mi ni.”

“A ò tíì sọ pé ẹnikẹ́ni mú ọ,” Bàbá Hias dá a lóhùn.

Gbogbo rẹ̀ wá ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ló sọ fún wọn nípa irin mi, torí wọ́n ṣèlérí oyè ọ̀gá ilé ìwé fún òun. Òun ò sì mọ̀ pé wọ́n á pa wọ́n. Òun ló lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá káàdì òun padà, kí orúkọ òun má bàa wà láàárín ti àwọn yòókù nílé ẹjọ́, ẹ̀rù Ọlọ́run kò sì jẹ́ kí òun lè jó káàdì Àjíǹde níná. Gbọ́ mi, Ottilia. Ó lè ta alùfáà, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù láti sun káàdì rẹ̀. Ká ní ó sun ún ni, ọba ni ì bá jẹ́ títí di òní.

Kò sẹ́ni tó lù ú. Mo fẹ́ kí wọ́n lù ú, mi ò ní fi pamọ́. Rosina kàn súnmọ́ ọn, ó ní, “Zyprian ní kí n kí ọ,” ó sì gbé káàdì lé ọlọ́pàá wa lọ́wọ́. Wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lánàá, ó ń sunkún, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo fún un ní wàrà àti búrẹ́dì. Òun kọ́ ni mò ń wá.

Fada Vinzenz bá mi wí gan-an. Ó ní mo dẹ pàkúté fún ọkàn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ó mú lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ lẹ́wọ̀n jáde, ó ka ibi tó ti ní kí a dárí ji ẹni tó ta òun. Mo ní, “Fada, ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ló ni ìdáríjì, ó sì ti fi í fún un. Kò pa á láṣẹ pé kí n fún un ní ilé ìwé padà.” Ó ká lẹ́tà náà pọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo dín ọ̀dùnkún fún un, ó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà ni ẹjọ́ rẹ̀, ní Innsbruck. Èmi, Rosina àti Bàbá Hias la fẹ́ jẹ́rìí. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ti ń sọ pé á sunkún níwájú adájọ́, á sì ní òun fẹ́ràn Fada Kassian bí ọmọ ìyá òun. Mo mọ omijé rẹ̀ yẹn, ó pọ̀, kì í sì í pẹ́ yọ.

Nítorí náà, wá. Ta ewúrẹ́ kan bí owó ọkọ̀ kò bá tó. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o wá. Kí àwọn ọmọ, kí Sista Gaudentia tí o bá rí i, sọ fún un pé irin mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwọ lo jọ Kassian jù nínú gbogbo ọmọ ìyá yín: iwájú orí yẹn, ojú yẹn, bí ẹ ṣe máa ń tẹ orí síbì kan tí ẹ bá ń gbọ́rọ̀. Wọ aṣọ dúdú, kí o di irun rẹ sẹ́yìn. Mo ti bá àwọn ará ilé ẹjọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún ọ ní bẹ́ńṣì iwájú, ní ọ̀kánkán ibi tí wọ́n á ti mú un dúró. Má ṣe sọ ọ̀rọ̀ kankan. Jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ó máa wò ọ́. Bí o bá fẹ́ dárí jì í, ṣe é lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń dáná fún ẹ̀gbọ́n rẹ,
Filomena Gstrein.