Èsúsú Pọmáàdì Àwọn Ọmọ Kíláàsì Mi

Lèma, oṣù Keje

Claudia, ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìdí ọjà rẹ ní Kútọnu. Ṣé ara le? Tèmi kì í ṣe àìsàn, ó kàn rẹ̀ mí ni. Òjò ń rọ̀, iṣu wa sì ń ta dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Gisèle ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọkọ́ ṣá a lẹ́sẹ̀ lóko lóṣù tó kọjá. Egbò kékeré ni, àmọ́ títí di òní kò jiná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ ara rẹ̀ wò, gbogbo itan rẹ̀ ti là ní ìlà-ìlà. Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ò mọ̀ pé ọmọ yín ń bóra? Ìyẹn ni egbò yìí kò fi jiná." Hà, ojú tì mí.

Mo wádìí ní kíláàsì mi. Nínú ọmọbìnrin méjìlélógún, mẹ́rìnlá ló ń bóra. Èsúsú ni wọ́n ń dá! Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kálukú á jí díẹ̀ bù nínú pọmáàdì ilé wọn, wọ́n á pò ó pọ̀ sínú ike kan, ẹni tó bá kàn á gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Èmi náà ni mo sì fi èsúsú kọ́ wọn ní ìṣirò. Mo bá àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n ń mi orí, ojú wọn pupa, oríkèé ìka wọn dúdú.

Lánàá ni mo bi Gisèle pé kí ló dé. Ó ní, "Tátà Amandine, nígbà tí a lọ gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà ní Arigbo lọ́dún tó kọjá, ìyá mi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọmọ yín ni mí. Mo fẹ́ pupa bíi ìyá mi kí wọ́n tó dé."

Claudia, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́, mo sì rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Àṣé ọmọ náà gbọ́.

N kò ní kí o fi ìpara rẹ sílẹ̀, àgbàlagbà ni ọ́, kò sì sí agbára ìjà lára mi mọ́. Tí o bá dé lóṣù Kẹjọ, jọ̀ọ́, di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, kí o pè é ní ọmọ rẹ.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ lọ́nà. Kí Màríà Ìyá wa bá wa wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí sàn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Amandine

Àfikún: Mo ti rí ibi tí Gisèle ti ń bu tirẹ̀. Ike ìpara tí o fún mi lọ́dún tó kọjá ni, nínú àpótí mi. N kò lò ó, Claudia, ṣùgbọ́n n kò jù ú nù.