Ìjàpá Tó Ta Igi Etí Odò

Adéfúnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìbà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìjà Èkó. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ti omi tí ìyá rẹ ń lọ pọn nísàlẹ̀ òkè láràárọ̀, tó ń di ìbàdí mú bọ̀.

Fọ́ọ̀mù tí o tẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà dé ọwọ́ mi. Tíṣà Ọlábọ̀dé kà á, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé ohùn mi ni ẹ gbà sílẹ̀ àti pé mo gbà kí ẹ lò ó. Yéè! Mo ní ọlọ́pàá ti dé nìyí. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti wà lábẹ́ ẹní, mi ò lè jẹun yó.

Ìwọ lo ní kí n sọ bí odò wa ṣe gbẹ sínú fóònù, nítorí pé ìwé tí o kọ kò yé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yòókù tí ẹ jọ ń ṣèwádìí odò náà, ti ilẹ̀, ti àìsàn, ti òfin. Mo fi àlọ́ sọ ọ́, o ní ó yé gbogbo wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣé o mọ̀ pé nínú àlọ́, ẹni tó bá hùwà ibi, Ìjàpá là ń pè é? Mo wá ní Ìjàpá ló ta igi etí odò, tí oòrùn fi lá omi gbẹ. Fúnkẹ́, èmi ni. Ọjọ́ tí gbogbo abúlé wà níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni mo mú àwọn agbégilódò wá, lọ́dún tí o wọ yunifásítì, tí mi ò rí nǹkan mìíràn tà. Làtífù tó ń la pákó ni wọ́n ń fura sí láti ọjọ́ náà. Ní báyìí tí àlọ́ náà ti ń ti fóònù kan dé òmíràn lábúlé, àwọn ọmọdé ń pè é ní Ìjàpá.

Ojú ń tì mí. Mo pa ohùn náà rẹ́ nínú fóònù mi, mo rò pé yóò parẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, àfi bó ṣe ń dún lánàá nínú fóònù ìyá rẹ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní Ọlọ́run yóò mú Ìjàpá yẹn. Èmi náà ṣe àmín.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá fẹnu ara mi jẹ́wọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ti èèyàn mẹ́ta ni o, èmi, ìyá rẹ àti Làtífù. Mi ò lè sọ ọ́ nílé. Lójú àlejò, bóyá ìyá rẹ kò ní fi ọmọ odó lé mi.

Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣe ohun tí o kò ní lè ròyìn fún ọmọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ládépọ̀