Iṣu Tí Ìyá Rẹ Ń Fi Pamọ́ Dè Ọ́

Fúnmiọlá ọmọ mi, ó di ọdún kẹrin tí o ti bá ọkọ rẹ lọ sí Èkó. Mo kí òun àti ìyá rẹ̀, mo sì kí ọmọ tí n kò tíì rí. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń dé oko. Iyọ̀ tí o fi ránṣẹ́ dé, bí ogun tilẹ̀ dí ọ̀nà. Ewúrẹ́ tí olóògbé ìyá rẹ fi sílẹ̀ bí ìbejì.

A wọ ọdún tuntun níjẹta, a jẹ iṣu titun. Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí o ti lọ, iṣu tó tóbi jù ni ìyá rẹ máa ń fi pamọ́ dè ọ́. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ ọdún, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà. Báyìí ni ọdún tó ṣe kẹ́yìn láyé ṣe kọjá láìjẹ́ pé àwa méjèèjì gbádùn rẹ̀. Ó dùn mí.

Èmi náà gbé ọ̀kan pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àbẹ̀bí, àbúrò ìyá rẹ, rí i. Ó ní, "Bàbá Fúnmiọlá, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi pamọ́ lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ṣebí eku ló fi ṣọdún!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Mo ní kó sè é. Gbogbo ilé jẹ ẹ́, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Nítorí náà, kò sí iṣu tó ń dúró dè ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé rẹ. Kí Ògún la ọ̀nà tí ogun dí, kí o bá mi láàyè. Bá mi wá òróró ìpara fún orúnkún.

Mo gé orí iṣu náà sọ́tọ̀ fún èbù. Èmi Ògúngbèmí, bàbá rẹ, yóò máa gbìn ín lọ́dọọdún.