Ẹsẹ̀ Màmá Kò Tíì Wọ Iná

Bùọ̀dá mi Àlàmínì,

Ẹ kú ilé o. Mo kí ìyàwó yín, àwọn ọmọ, àti Màmá wa. Ooru Boukoki, àdúgbò wa níbí, ò jẹ́ ká sùn, àmọ́ ikọ́ Zaynab ọmọ mi ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí ọkọ mi gbé wá. Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wa ló yọ́ ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù ní ìpele-ìpele, tó fi mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò dúró kí n fi í sínú ààrò, kí ara irin náà lè rọ̀, kó má baà lọ́. Èkejì rẹ̀ tó kù sọ́dọ̀ mi lọ́ fúnra rẹ̀ lórí tábìlì mi lánàá, ó ń ké bí oríkèé egungun. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ bá mi dá a padà. Ọlọ́hun á ṣọ́ ilé yín. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní yàrá Màmá, ẹ má pè wọ́n. Kì í ṣe Màmá ló ń rìn.

Àsmá'ù àbúrò yín