Wọ́n Ní Ilẹ̀ Oko Mi Ló Ń Jẹ Èékánná Mi

Ìdógùn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Dùnsìn ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Èkó ò fojú pọ́n ọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní í tòògbé lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ. Òjò ń rọ̀ dáadáa, iṣu ti ń ta, ewúrẹ́ wa sì ti bímọ.

Mo gbọ́ pé o ní kí n fi oko sílẹ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ nítorí èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Mi ò wá. Mo mọ̀ pé Lábísí, nọ́ọ̀sì ilé ìlera wa, ló bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí náà gbọ́ tẹnu èmi náà.

Lóòótọ́, èékánná náà nípọn bí èèpo igi, ó sì ń ro mí, làpálàpá sì yọ lójúgun mi. Lábísí ní ìbátan olú kan tójú ò lè rí ló fà á, pé inú ilẹ̀ ló ń gbé, pé ojú ibi tí ọkọ́ ti ṣá mi ló gbà wọlé. Ó bí mi nínú. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, tó rán ọ lọ sí yunifásítì, ni wọ́n wá ń pè lólè tó ń jẹ èékánná mi. Mo ní bó bá jẹ́ olú ni, kó hù kí n fi sebẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń bomi rin ẹsẹ̀ náà kó lè tètè hù. Kò hù, ńṣe ló ń burú sí i.

Wọ́n gé díẹ̀ lára èékánná náà lọ sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀ láti fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Mo ní kí wọ́n dá a padà, wọn ò dá a padà. Àwòrán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù Qudirat, aránṣọ tá a jọ ń gbélé. Ó rí bí òwú tó lọ́ mọ́ra, mo ní wọ́n ti pààrọ̀ èékánná mi. Ọjọ́ tí o pè wá, tí o ní òkùnkùn nìkan lo ń rí lórí fóònù, ẹsẹ̀ mi nìyẹn. Mo gbé e lé ojú fóònù kí o lè rí i, mo sì kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì nù ún kó má baà gba inú fóònù ràn ọ́.

Bàtà ròbà tí o fi ránṣẹ́, omi òjò wọ̀ ọ́, mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, mo tún wọ̀ ọ́ sùn kí ilẹ̀ má baà rí mi mú. Àárín ọmọ ìka bó, mi ò lè dìde. Qudirat ló bọ́ bàtà náà, ó fọ ẹsẹ̀ mi, ó sì fi aṣọ nù ún gbẹ. Lábísí wá ní ooru àti ọ̀rinrin gan-an ni nǹkan náà ń wá.

Mo ń lo oògùn báyìí, ẹsẹ̀ mi ń gbẹ, èékánná tuntun tó mọ́ sì ti ń yọ nídìí. Mo ti padà sóko. Bí ilẹ̀ bá jẹ èékánná mi, èmi náà ń jẹ iṣu rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa là wá níjà.

Fowó oògùn ránṣẹ́, torí wọ́n ní ó máa pẹ́ kó tó tán pátá, kí o sì fi ti ìbọ̀sẹ̀ kún un. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni yóò pàdé rẹ níbẹ̀. Bó o bá dé nígbà Kérésì, a jọ máa lọ wa iṣu.

Kí o wọ bàtà wá o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Monica.