Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Ha Ọ̀dà Pupa Yẹn Kúrò Lára Ọkọ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò Màmá wa, ẹ sì kú ìmúra ìgbéyàwó Bọ̀sẹ̀. Èmi Àṣàkẹ́, ọmọ yín tó wà nílùú òtútù, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Dàpọ̀ tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán o, ẹ má fo ibi tí mo ti rojọ́ yín. Mo kí àbúrò mi Bọ̀sẹ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà. Mo kí gbogbo ilé wa ní Ayétòrò, títí kan àwọn adìyẹ Ìyá Sìkírá aládùúgbò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ẹjọ́ láti bá wọn rò.

Bàbá, ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Mo ti pè yín lórí fóònù, ẹ ní ọ̀rọ̀ ti parí, péńtà ń bọ̀ láti Ìlaròó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kí n tó sọ gbólóhùn kejì, ẹ ti pa á. Mo tún pè, Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ló gbé e, ó ní ẹ ti jáde lọ kí ọ̀rẹ́ yín. Bàbá, mo gbọ́ ikọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mo sì ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà jáde kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ lábẹ́ igi máńgòrò lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ náà ń hó nínú mi bí omi gbígbóná, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò gùn: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha ọ̀dà ara ọkọ̀ kékeré yẹn.

Ẹni tí kò mọ̀ wá á béèrè pé ọkọ̀ wo. Ọkọ̀ pupa ni, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì péré, irú èyí tí wọ́n ṣe nítorí eré sísá, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ fún Faransé kan ní Kútọnu láyé ọjọ́un. Nígbà tí Faransé yẹn ń padà sílùú wọn, ó ní òun ò rí ẹlòmíràn tó mọ ọkọ̀ náà tọ́jú, ló bá fa kọ́kọ́rọ́ lé Bàbá lọ́wọ́. Ọ̀nà Ìjọ̀ún ni ẹ gbé e gbà wálé. Gbogbo Ayétòrò tú síta. Wọ́n sọ fún mi pé Màmá yí ọkọ̀ náà po, ó ní kí ni èèyàn fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò lè gbé àpò gaàrí kan ṣe. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì, ta ló tún dénú ìjókòó kejì yẹn bí kò ṣe òun? Ẹ jọ ń lọ ọjà Ẹ̀gùá, apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí itan rẹ̀, apá rẹ̀ lójú fèrèsé, orin lẹ́nu rẹ̀, tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn kéń, kéń, kéń. Ẹ̀yin á máa pariwo pé, "Ìyá Dàpọ̀, rọra, o ń ha mí lọ́kọ̀." Òun á kàn gbé orin náà sókè sí i ni.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe afẹ́ ni ẹ fi fẹ́ kùn ún. Kí Màmá tó kú, ó bẹ̀ yín pé ọjọ́ tí Bọ̀sẹ̀ bá ń lọ ilé ọkọ, ọkọ̀ yẹn ni kó gbé e, kó sì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wọ̀lú. Ẹ ṣèlérí. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ti jí ẹ́ńjìnnì náà, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ̀. Ara ọkọ̀ ló kù. Ó ti ṣì, ó funfun láwẹ́ láwẹ́, ẹni tó bá sì fara kàn án, pupa ni yóò fi ìdí aṣọ gbé lọ. Ẹ ní àwọn àna wa láti Ìmẹ̀kọ á ní ọkọ̀ ìyàwó ń ṣe àìsàn. Bàbá, ẹ̀rù yín kò ṣàjèjì sí mi, ojú ńlá ni àna.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ iṣẹ́ mi fún yín, ẹ ò tíì jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀ rí. Ẹ rò pé ọkọ̀ ni mò ń fọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nínú òjò tí kì í rọ̀ tán tí kì í sì í dá, tí ìka ọwọ́ mi ń wú. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ Yorùbá ju ara mi lọ. Bí mo bá ń fọ ọkọ̀, mò ń kí i ni, mò ń sọ fún un pé ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìrìn. Kọ́líìnì, ọ̀gá mi ìsinsìnyí, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ mi, ó béèrè ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọkọ̀ náà ni. Arúgbó tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu tíì ni. Ó wò mí, ó ní kí n wá sọ́dọ̀ òun, pé àwọn ọkọ̀ tòun ti dàgbà, wọ́n nílò ẹni tí yóò máa kí wọn.

Bàbá, ẹ rí ilé iṣẹ́ yẹn! Àwọn ọkọ̀ eré àtijọ́ ni, wọ́n tò wọ́n bí àwọn olóyè. Ohun tí à ń ṣe ni pé à ń tọ́jú ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi kùn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má bàa lọ. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún ọ̀dà yẹn níbí, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, aṣọ ìnura bọ́ lọ́wọ́ mi, mo mú un, mo gbọ̀n ọ́n, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i bí à á ti ṣe sí àkàrà tó já bọ́ nílé, mo tún fẹ́ẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Kọ́líìnì fò dìde. Ó gba aṣọ náà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ó ní iyanrìn kan ṣoṣo tó bá há sínú aṣọ yẹn tó láti ya ojú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá ti kanlẹ̀ lọ́wọ́ mi ti kú, n kì í bá a dúró sọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú mi mú bírò. Màmá oyìnbó kan gbé ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá. Pupa ni, ìjókòó méjì, inú abà ló wà látọjọ́ yìí. Bó ṣe ṣì, bó ṣe funfun, bó ṣe ń ta pupa sí èèyàn láṣọ, tiwa gan-an ni. Ó ti fẹ́ kí wọ́n ha á, kí wọ́n tún un kùn. Kọ́líìnì gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé e káàkiri, èyí tó máa ń sọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, ó ní ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀. Ló bá gbé ìpara kan wá, olóròóró, ó ní kí n fi pa gbogbo ara ọkọ̀ náà. Bí mo ti fọwọ́ kàn án ni mo bú sẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́dọ̀ wa, bí ọyẹ́ bá mú ọmọ, tí ara rẹ̀ gbẹ tó funfun hàrà hàrà, ìyá rẹ̀ kì í bó awọ rẹ̀, òrí ló fi ń pa á. Kọ́líìnì gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ nìyẹn."

Ọyẹ́ ló mú un, Bàbá. Ọyẹ́ ló mú ọkọ̀ yín, kò kú! Ọ̀dà ayé ọjọ́un kò ní omi dídán tí wọ́n ń dà lé ti ìsinsìnyí lórí. Òun ni awọ, òun náà ni ẹran. Oòrùn á fa òróró inú rẹ̀ tán, òkè rẹ̀ á di ẹfun, ẹfun yẹn ló ń ta sí aṣọ yín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń mí. A pa ọkọ̀ màmá yẹn ní ìpara, a fi í sílẹ̀ kó mu ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo nù ún, mo rí pupa kan tó jáde síta bí ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lóko. Mo pariwo débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ilé sáré wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn la wá fi ọwọ́ dán an, díẹ̀díẹ̀, torí bí èèyàn bá fi agídí dán an, yóò dán an tán. Nígbà tí màmá náà dé, ó yí ọkọ̀ náà po. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ fi fọ́tò ọkọ̀ wa ránṣẹ́, tó ní péńtà ti ra sáńdípépà, pé yóò ha á dé irin. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun àtijọ́ tún ṣe! Mo fa fọ́tò náà tóbi. Ní etí inú ilẹ̀kùn, níbi tí oòrùn kì í dé, pupa yẹn wà níbẹ̀, gbọingbọin. Ẹ lọ wò ó. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wo etí rẹ̀. Pupa tí Màmá ń sọ nìyẹn. Péńtà lè kun pupa tó dáa, mi ò bá iṣẹ́ rẹ̀ jà, àmọ́ pupa tirẹ̀ ni yóò jẹ́. Pupa tọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ wọ̀lú, bí wọ́n bá ti ha á, ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an kò lè dá a padà.

Mo ti gba ìsinmi lọ́wọ́ Kọ́líìnì. Mò ń bọ̀ wálé kí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó tó wọlé, ìpara ti wà nínú àpò mi, ó wúwo ju aṣọ mi lọ. Kí n tó dé, ẹ bá mi fi kànìnkàn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òun àti ọṣẹ ìfọṣọ lẹ fi ń fọ ọkọ̀ yẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nínú oòrùn ọ̀sán, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dun ọkọ̀. Omi lásán ni kẹ́ ẹ máa dà sí i, lábẹ́ ibòòji. Ẹ ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, ooru ń sè é nísàlẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Ẹ sì bá mi bẹ Ìyá Sìkírá kó so àwọn adìyẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ibùsùn adìyẹ. Owó tí mo ti fi ránṣẹ́ fún péńtà kí n tó mọ ohun tí mo mọ̀ yìí, ẹ fi ra bàtà fún Bọ̀sẹ̀.

Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: ilẹ̀kùn kan ni màá kọ́kọ́ ṣe, níṣojú yín. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ wò ó tí kò wù yín, ẹ pe péńtà, èmi fúnra mi ni màá bá a di sáńdípépà mú.

Ó ku ohun kan, Bàbá, òun ló sì le jù láti kọ. Nínú fọ́tò yẹn, lókè ilẹ̀kùn ìjókòó kejì, lábẹ́ fèrèsé, mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín kan, wọ́n ṣùpọ̀ sójú kan. Mo wò wọ́n títí. Ẹ̀gbà Màmá ni. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ náà wálé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mú ìlérí yẹn ṣẹ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó yẹ kí n nù wọ́n kúrò, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò le. Mi ò ní ṣe é. Gbogbo ara ọkọ̀ yẹn ni màá dá padà fún yín, ibẹ̀ yẹn ni mi ò ní fọwọ́ kàn. Kí péńtà tó dé lọ́jọ́ ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde lọ síbẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan lọ, kí ẹ fi ìka yín tọ ìlà yẹn. Ohun tí ọwọ́ yín bá sọ fún yín, màá gbà á.

Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ Màmá. Kí ó dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí ikọ́ yẹn náà fi yín sílẹ̀. Kí Bọ̀sẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ pẹ́, kí Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ má rí ìjà irin. Ẹ bá mi kí ará Ayétòrò, ẹ bá mi kí àwọn àna wa ní Ìmẹ̀kọ, ẹ ní ọkọ̀ ìyàwó ti ń gbádùn.

Lọ́jọ́ náà, ẹ fi ẹ̀gbà Màmá sí Bọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tí Màmá ń jókòó, kó gbé apá lé fèrèsé. Bí orin bá sì bọ́ sí i lẹ́nu, tó ń fi ẹ̀gbà yẹn lu ilẹ̀kùn, Bàbá mi, ẹ má bá a wí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́.