Mo Fi Owó Orí Purọ́ fún Ọkọ Mi

Kì í ṣe ìjọba ló ń jẹ owó oṣù ọkọ mi, èmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, torí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ yí mi lórí... mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún, àlùfáà ìjọ wa gan-an, ojú ń tì mí láti sọ fún un.

Yàrá kan là ń gbé lẹ́yìn Bọ́ládé ní Òṣòdì, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kò lọ sílé ìwé, èmi ka modern school tán. Kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun ò lè ka payslip, nítorí náà, tí wọ́n bá sanwó, kò ní í já ẹ́ńfílọ́ọ̀pù yẹn rárá, bó ṣe gbà á ló ṣe máa gbé e wálé fún mi, á ní kí n bá òun wo ohun tí wọ́n yọ àti ohun tó kù, òun á wá lọ wẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ bá ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n má baà ní kó mú tirẹ̀ wá kí àwọn wò ó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kà á fún un bó ṣe wà, mi ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run rí mi.

Àmọ́ ọmọ ò dé. Ọdún keje rèé, "Ìyàwó" ni gbogbo ilé ṣì ń pè mí, torí kò sí orúkọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi pè mí. Màmá ọkọ mi wá láti Ìjẹ̀bú, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé àwọn ti rí ọmọbìnrin kan fún ọmọ àwọn. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú, tí wọ́n bá lé mi, ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ lọ? Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n fowó kún owó oṣù, tí wọ́n san arrears oṣù mélòó kan papọ̀, tí gbogbo Èkó ń ra rédíò, ń ra fáànù. Mo já ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, mo rí owó tí mi ò rí rí... mo sì pín in sí méjì. Nígbà tó wẹ̀ tán, mo sọ fún un pé owó orí ló jẹ ìyókù, pé wọ́n máa ń dín in kù fún ẹni tó bá lọ́mọ, pé ẹni tí kò bá bí ló ń san èyí tó pọ̀. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ wà nínú ẹ̀, wọ́n máa ń dín in kù lóòótọ́, àmọ́ kò tó nǹkan, èmi ni mo sọ ọ́ di òkè. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn, kò bínú. Ohun tó sọ ò ju pé, "Ìjọba náà ti wá mọ̀ pé a ò bímọ."

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀, àbí? Mi ò dáwọ́ dúró. Náírà mẹ́rìnléláàádọ́rin lowó rẹ̀ lóṣù. Wọ́n ń yọ náírà mẹ́ta àtààbọ̀ fún owó orí, náírà mẹ́rin fún owó ìfẹ̀yìntì, àádọ́ta kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó ku mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mò ń kó fún un. Náírà mẹ́wàá mẹ́wàá yẹn ni mò ń san fún alájọ, òun ni mo fi kún arrears tí mo mú, tí mo fi ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lẹ́bàá Ìsọlọ̀, orúkọ tèmi ni mo fi rà á. Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ overtime. Ó kọ́kọ́ jẹ́ Sátidé, ó wá di Sunday pẹ̀lú, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi ni mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ fún un! Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, mo ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n wá pè mí pé ẹ́ńjìnnì ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Màmá wá sí ọsibítù. Èmi rò pé èébú ni wọ́n fẹ́ bú mi, wọ́n kàn dì mí mú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ọmọ àwọn ti ní òun ò fẹ́ ìyàwó kejì, pé torí owó dókítà tó fẹ́ gbé mi lọ bá ló ṣe ń ṣe overtime. Mi ò mọ̀! Kò sọ fún mi rí! Ọjọ́ kejì ni akọ̀wé kan wá láti fáktírì pẹ̀lú fáìlì, ó fẹ́ ṣàlàyé owó tí wọ́n máa fún un nítorí ọwọ́ náà, pé owó oṣù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ó rọra ń kà á fún un ní Yorùbá, iye tí wọ́n ń san, iye tí wọ́n ń yọ fún èyí, fún tọ̀hún, títí ó fi dé orí mẹ́rìndínláàádọ́rin. Èmi wà níbẹ̀, mo di ife omi mú. Ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà." Akọ̀wé tún un kà. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò wò mí.

Oṣù mẹ́rin rèé, kò tíì bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ti gbé e sẹ́nu géètì fáktírì pé kó máa ṣọ́ ọ, owó oṣù rẹ̀ ò yí padà. Ọwọ́ òsì ló fi ń di ṣíbí mú báyìí, ó sì máa ń kẹ̀yìn sí mi tó bá ń jẹun. Tí mo bá lọ sí ọjà Aswani, tí wọ́n bá ń ka owó, ohùn akọ̀wé yẹn ni mò ń gbọ́... Ẹ wá wò ó, ó ṣì ń gbé ẹ́ńfílọ́ọ̀pù wálé fún mi láìjá a! Nínú oṣù tó kọjá, mo kó gbogbo ẹ̀ fún un, mo ní mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó gbà á, ó ní, "Owó orí ti wálẹ̀ nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ṣé ó mọ̀ ni? Ṣé ó ń dúró dè mí ni? Àbí lóòótọ́ ló rò pé ìjọba ló ṣàánú òun?

Ọjọ́ Friday yìí ni wọ́n tún máa sanwó. Á wọlé, á nawọ́ òsì yẹn sí mi, á lọ wẹ̀. Tí mo bá jẹ́wọ́, tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Tó bá sì ti mọ̀, tí mo dákẹ́, irú èèyàn wo ni mò ń bá gbé, irú èèyàn wo ni èmi náà? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ilé ọkọ rí, ẹ gbà mí... ẹ̀yin ọkùnrin náà, ká ní ìyàwó yín ni mí, ṣé ẹ máa fẹ́ gbọ́ ọ?